Àbẹ̀kẹ́, Dá Fídíò Yẹn Dúró Ná

Àbẹ̀kẹ́, wá jókòó síbí. Fi fóònù yẹn sílẹ̀, kò ní sá lọ. Má sì sọ fún mi pé o fẹ́ lọ bu omi wá fún mi mu. Mo mọ ọgbọ́n yẹn, ìyá rẹ náà máa ń dá a bí wọ́n bá fẹ́ bá a wí. Ọ̀rọ̀ ìjà kọ́ ni mo bá wá. Bó bá ṣe ìjà ni, orúkọ inú sàtífíkéètì rẹ ni ǹ bá fi pè ọ́, mi ò ní fẹnu kan oríkì rẹ rárá.

Mo gbọ́ pé o ti di gbajúmọ̀. Wọ́n ní láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Mile 12, kò sí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ń wo fídíò rẹ̀ tó tìẹ. Obìnrin tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jà ló gbé e wá bá mi. Ó ní ọmọ òun ò jẹ́ kí fóònù òun sinmi mọ́, fídíò Àǹtí wọn ló ń wò ṣáá. Inú mi dùn, mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn o!" Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wo èyí tó dá lórí òjò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo wò ó tán, ẹnu mi wọhò. Obìnrin náà bi mí pé ṣé ó dùn mọ́ mi, mo ní ó dùn. Irọ́ kọ́ ni mo pa, ó dùn lóòótọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ni mo fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀ kí n tó gba ọjà lọ, mi ò sí lára àwọn tí wọ́n ń fi adùn tàn.

Kí n tó bú ọ, jẹ́ kí n yìn ọ́. Kì í ṣe gbogbo tíṣà ló lè mú nínú owó oṣù tí kò tó nǹkan kó fi ra dátà nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló lè jókòó dòru kí wọ́n máa bá AI fa wàhálà, torí kí ọmọ pírámárì lè mọ ibi tí òjò ti ń wá. Ọlọ́run á san án fún ọ. Ìyìn tán. Wá gbọ́ èyí tó kù.

Kí ni mo rí nínú fídíò òjò yẹn? Mo rí òkè gàgàrà kan tí yìnyín bo orí rẹ̀, tó funfun láú. Mo rí odò kan tó mọ́ lóló nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú afárá olókùúta. Mo rí ọmọkùnrin onírun pupa kan tó di agboòrùn mú, tó ń rẹ́rìn-ín sí òjò. Mo ka ìka ọwọ́ rẹ̀, mẹ́fà ni. Ẹ̀rọ náà tún kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkùukùu. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Lárúbáwá. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, orin ijó ń lu gbì, gbì, gbì, débi pé mi ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ.

Àbẹ̀kẹ́, níbo ni òkè oníyìnyín wà ní Kosofe? Ta ló ń gbé agboòrùn rẹ́rìn-ín sí òjò ní Agílítì? Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tó ń wá láti Agílítì àti Ajégúnlẹ̀, ṣé o ti gbàgbé pé bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń wọlé bọ̀, ńṣe ni àwọn òbí wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù lé orí tábìlì? Àwọn ọmọ tí omi ń lé kúrò nílé lo wá ń fi odò ilẹ̀ òkèèrè kọ́ nípa omi.

Odò tiwa ni kó o fi kọ́ wọn. Odò Ògùn ń ṣàn bọ̀ láti apá Ṣakí, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó wá ń wọ inú ọ̀sà lẹ́yìnkùlé wa níbí. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú rẹ̀, orí Ọ̀yán yìí ni wọ́n sì kọ́ dáàmù sí, èyí tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní ọdún 1983. Bí òjò bá pọ̀ lókè lọ́hùn-ún, tí adágún ẹ̀yìn dáàmù kún, àwọn tó ń bójú tó o á tú omi sílẹ̀ níbẹ̀. Omi náà á tọ Odò Ògùn wálẹ̀, á kan Ìṣẹ́rí, á kan Agílítì, Ajégúnlẹ̀ àti Owódé Ẹlẹ́dẹ̀. Bí ọ̀sà náà bá tún kún lásìkò yẹn, omi odò ò ní tètè ráyè wọ inú rẹ̀, ilé àwọn èèyàn ni yóò yà sí. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn ganrínganrín ní Mile 12, kí omi sì wà lójúlé àwọn ọmọ rẹ.

Iṣẹ́ kátúùnù gan-an nìyẹn! Kò sí ọmọ tó lè dúró síbì kan kó máa fojú bá omi lọ láti Ọ̀yán dé Agílítì, ọ̀nà jìn. Kátúùnù lè fi ìṣẹ́jú kan ṣoṣo fi gbogbo rẹ̀ hàn án. Ohun tó kéré jù fún ojú, bíi kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó tóbi jù, bíi ayé tó ń yí oòrùn po, ohun tó pamọ́, bí ọkàn ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ wọlé tó sì ń tì í jáde, àwọn wọ̀nyẹn ni kó o máa bẹ AI lọ́wẹ̀ sí. Ohun tí ọmọ bá lè fojú ara rẹ̀ rí, mú un lọ wò ó.

Torí mo tún rí èyí tó o ṣe lórí tòmátì. Tòmátì! Ní Mile 12! O ń bẹ ẹ̀rọ kó ya tòmátì fún ọmọ tí tòmátì ni ìyá rẹ̀ fi ń san owó iléèwé rẹ̀. Ẹ̀rọ náà tò ó sínú páálí tó ń dán, torí kò mọ apẹ̀rẹ̀. Jí láàárọ̀ kùtù, gbé fóònù rẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń já ẹrù tó ti òkè Ọya dé. Tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó o bá fẹ́ ya, kó o ya apẹ̀rẹ̀ kan láti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi tú u. Jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé tòmátì òkè ṣì le, ti ìsàlẹ̀ ti fọ́, omi rẹ̀ ti ń kán. Wá dá a dúró níbẹ̀, bi wọ́n pé kí ló dé tó fi jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ ó sọ̀rọ̀ lórí ooru, lórí ìwúwo ẹrù, lórí iye tí alájàpá pàdánù nínú apẹ̀rẹ̀ kan. Kò sí AI tó lè ṣe fídíò yẹn fún ọ, torí kò dé Mile 12 rí.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi nípa Richard Mayer, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ní Yunifásítì California ní Santa Barbara. O ní ó rí i pé ọ̀rọ̀ tí a fi àwòrán tì lẹ́yìn máa ń yé èèyàn ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Mo ní ó dáa. O tún ní ó rí i pé orin, ẹ̀fẹ̀ àti ọ̀ṣọ́ tí kò bá kan ẹ̀kọ́ máa ń dín òye kù ni. O mọ èyí, o wá lọ ki orin ijó bọ abẹ́ ẹ̀kọ́ òjò? Philip Guo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà gbé ìwádìí jáde ní 2014, lẹ́yìn tí wọ́n yẹ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń wo fídíò lórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wò, ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 6. Wọ́n ní bí fídíò bá ti kọjá ìṣẹ́jú 6, ọkàn èèyàn kì í sábà bá a dópin. Àgbàlagbà pọ̀ nínú wọn o, àwọn tó fínnúfíndọ̀ lọ kẹ́kọ̀ọ́. Tìẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wákàtí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lo sì gbé e kalẹ̀ fún. Ìmọ̀ wà lórí, kò dé ọwọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Awólọ́wọ̀. Mo ṣí fóònù, mo rí Bàbá tó ń la ẹnu, tó ń bá àwọn ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ojú rẹ̀ ni, fìlà rẹ̀ ni, awò ojú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kì í ṣe tirẹ̀, ìwọ lo kọ ọ́! Láti oṣù karùn-ún 1987 ni Bàbá ti fi ayé sílẹ̀. Ọmọ tó bá gbà lónìí pé Awólọ́wọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, báwo ni yóò ṣe já irọ́ lọ́la, bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rọ kan náà ti ọ̀rọ̀ ìbò sí ẹnu olókùú? Ìwọ tó yẹ kó o kọ́ wọn láti máa fura lo ń kọ́ wọn láti gba ohun gbogbo gbọ́.

Òtítọ́ tó wà nílẹ̀ sì dùn ju àròsọ rẹ lọ. January 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Iye ọmọ tó wà níléèwé fò láti 456,600 ní 1954 dé 811,432 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ya ìyẹn ní kátúùnù, kí ọmọ rí bí kíláàsì ṣe kún, kí o bi í pé níbo ni wọ́n ti rí tíṣà tó tó. Kọ ọ́ gàdàgbà sójú rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló ya àwòrán náà. Fi ohùn tìrẹ sọ ìtàn, kí Bàbá dákẹ́ sínú fọ́tò rẹ̀. Ìjọba kan náà ló dá tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 October 1959, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ lè gba inú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ àwòrán tó ń rìn. Ẹ rọra.

Ó yá, ká wọ inú kíláàsì. Mo yà ní iléèwé rẹ nígbà kan tí mo ń ti Ìkòsí bọ̀. O ò rí mi, ẹ̀bá fèrèsé ni mo dúró sí. Fóònù kan ṣoṣo lo gbé ti ìdí bọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ lé ní ogójì. Àwọn tó wà níwájú ń wò, àwọn tó wà láàárín ń na ọrùn, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fa ara wọn láṣọ. Ìwọ náà jókòó, ò ń bá wọn wòran! Ọmọbìnrin kan tó dirun ṣùkú nawọ́ sókè. O ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí fídíò á fi parí. Kó tó parí, agogo lù, wọ́n túká. Mi ò mọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọmọ yẹn títí dòní. Ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà, Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà tó o bá dá fídíò dúró ni ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kó o dá a dúró. Bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí? Kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ báyìí?" Jẹ́ kí ẹnì kan jáde wá ya á sójú bọ́ọ̀dù, kí ẹlòmíì já a ní koro pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, tẹ̀ ẹ́ padà kí wọ́n wo ẹni tó tọ̀nà. Bí fóònù bá jẹ́ ẹyọ kan, pín wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Kí ọ̀wọ́ kan máa wò, kí àwọn yòókù máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ààyè. Bí kò bá sí iná, tí jẹnẹrétọ̀ ò sì dáhùn, tẹ àwòrán mẹ́rin inú fídíò náà sórí bébà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Kétu, lẹ̀ ẹ́ mọ́ káádíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀kọ́ ò ní dúró de NEPA.

O rántí 2020, nígbà tí Kòrónà dé? Wọ́n ti iléèwé pa l'Ékòó ní oṣù kẹta, ẹ̀kọ́ wá di ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ ilé wa máa ń kóra jọ sí kọ́rídọ̀ níwájú rédíò kékeré kan. Tíṣà inú rédíò á béèrè ìbéèrè, á dákẹ́ díẹ̀, á dá ara rẹ̀ lóhùn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà á pariwo ìdáhùn, ọ̀tọ̀ ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí ẹni tó máa sọ fún wọn pé ti ta ló tọ̀nà. Ibi tí àgbà kan bá ti wà nítòsí tó lè dá wọn lóhùn, wọ́n ń rí nǹkan mú. Ibi tí kò bá ti sí, ariwo lásán ni.

Ìwọ lo tún fi ìwádìí Báńkì Àgbáyé hàn mí, o ní ó ti gbè ọ́ lẹ́yìn. Mo gbọ́. Ní 2024, wọ́n kó àwọn ọmọ SS1 jọ ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lẹ́yìn tí iléèwé bá ti jáde, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fi AI kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ yọ dáadáa, àwọn tó sì ń lọ déédéé ló jèrè jù. O kà á débẹ̀, o fo ibì kan. Tíṣà wà nínú yàrá yẹn! Tíṣà ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn ọmọ náà ò káwọ́ gbera máa wòran, wọ́n ń kọ ìbéèrè sí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fèsì, àwọn náà ń fèsì padà. Bí ẹ bá máa lo AI, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ohùn ńkọ́? Kí ló dé tó fi jẹ́ ohùn ẹ̀rọ lo fi ń ka Yorùbá fún wọn? Kò fi àmì sí i bó ṣe yẹ, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, ìtumọ̀ sì ń ṣubú lọ́nà. Ìwọ tí ìyá rẹ bí, tó o mọ Yorùbá sọ débi pé o lè fi òwe bú èèyàn, o wá ń yá ohùn lò! Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yìí láti 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní iléèwé St. Stephen's, Módákẹ́kẹ́, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé Àbújá fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ ọmọ níléèwé ní 2022, mo sì gbọ́ nígbà tí mínísítà ní àwọn fagi lé e ní 2025. Èyí tí wọ́n bá kọ sínú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́. Nígbà tó o bá dá fídíò dúró, tí ọmọ bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó rí, má dá a lẹ́kun. Adamu Waziri ní Àbújá fi kátúùnù Bino and Fino hàn wá pé ọmọ Áfíríkà lè jókòó ti òbí rẹ̀ àgbà nínú fídíò, kí ayé sì wò ó. Tìẹ náà lè jókòó sí Kétu.

Ìkìlọ̀ kan tún kù, èyí kì í ṣe eré. Àwọn ọmọ tó o ń ya sínú fídíò, tó o ń gbé ojú wọn sórí TikTok, ta ló fún ọ láyè? O ya ọmọ tí kò lè kàwé, ó ń kólòlò, gbogbo ayé ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn á dàgbà, fídíò yẹn ò ní kú. Òfin ààbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 béèrè àṣẹ òbí lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ojú ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa tẹ láíìkì. Yọ ọ́ kúrò lálẹ́ yìí kó o tó sùn. Bó o bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ han ayé, ya ọwọ́ wọn tó ń kọ̀wé, ya bọ́ọ̀dù, kó o gba ohùn wọn lẹ́yìn tí òbí bá ti fọwọ́ sí i.

Má fajú ro, mi ò ní kó o pa AI tì. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá gbé fún ọ, kà á, wò ó, ka ìka ọwọ́ àwọn èèyàn inú rẹ̀, bá ìwé wé e, kó o tó gbé e síwájú ọmọ. Ibi tó bá ti ya ilẹ̀ òkèèrè, dá a padà sí ilẹ̀ wa. Ibi tó bá ti parọ́, gé e sọnù. Bó o bá ti ṣe èyí, fídíò rẹ yóò kúrú, dátà rẹ yóò dín kù, àwọn ọmọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, fídíò òjò yẹn ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Pa orin ẹ̀. Má jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Fi Ọ̀yán sí i, fi Odò Ògùn sí i, fi Agílítì sí i, fi ohùn ara rẹ kà á. Ní ìparí rẹ̀, kọ ohun tí ìdílé gbọ́dọ̀ ṣe síbẹ̀ bí wọ́n bá kéde pé wọ́n fẹ́ tú omi sílẹ̀: kí wọ́n gbé ìwé àti oògùn sókè, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nínú àgbàrá, kí wọ́n tètè kó lọ sí ibi gíga. Pe ọmọ onírun ṣùkú yẹn síwájú, kí o ní kó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè tirẹ̀. Kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé ni kó o parí rẹ̀. Mo ti ṣèlérí fún ìyá alálùbọ́sà pé èyí tó dáa ń bọ̀, má sì dójú tì mí lọ́jà.